Òkúta Méjì Tó Ń Dúró De Màmá Verlene

"Màmá, ẹ̀gbẹ́ ọkọ yín wo ni wọ́n máa sin yín sí?"

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo bi Màmá Verlene Faw ní ìbéèrè yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ ọ sórí, torí ojú máa ń tì mí débi pé bí olùkọ́ bá pe orúkọ mi, ilẹ̀ ni mò ń wò. Nínú gbogbo ibi tí mo lè ti bi wọ́n, ìdí tábìlì oúnjẹ ní ìtẹ́ òkú Bethel ni mo yàn, lọ́jọ́ tí gbogbo wa ń tún ojú oórì ṣe, tí ọmọ ọkọ kìíní àti ọmọ ọkọ kejì sì jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ adìyẹ díndín.

Màmá Verlene ló ń tọ́jú ìwé ìtàn ìdílé àwọn ará agbègbè wa, nínú yàrá kan lábẹ́ ilé ẹjọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wá baba ńlá rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ló ń lọ. Èmi àti wọn la jọ ń da orúkọ kọ láti ara òkúta ojú oórì: wọ́n á fi dígí darí oòrùn sára lẹ́tà tó ń parẹ́, èmi á kọ ọ́ sílẹ̀.

"Má wo òkúta kan ṣoṣo," ni wọ́n máa ń wí. "Wo tọ̀tún, wo tòsì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni màá wí, màá sì máa kọ ọ́ lọ bí ẹni tó gbọ́n.

Ara òkúta méjì ni orúkọ Màmá Verlene fúnra wọn wà. Ọ̀kan wà ní Bethel lẹ́gbẹ̀ẹ́ Orrin Tackett, ọkọ àkọ́fẹ́. Èkejì wà ní Cane Fork lẹ́gbẹ̀ẹ́ Delbert Faw. Nígbà tí ọkọ kọ̀ọ̀kan kú, agbẹ́kùúta gbẹ́ orúkọ ìyàwó pọ̀ mọ́ tirẹ̀, ó sì fi àyè ọdún ikú ìyàwó sílẹ̀. Ìwé ibojì tí à ń kọ ò gbà kí ènìyàn kan wà ní ibojì méjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi bèèrè.

"Bethel ni," ni Wendell, ọmọ tí wọ́n bí fún Orrin, dáhùn. "Ẹ̀gbẹ́ bàbá mi."

"Ta ló sọ fún ọ?" ni Nola, ọmọ Delbert, wí. "Bàbá mi àti Màmá ló jọ darúgbó. Ìwọ tí o kì í yọjú sí wọn, òkú wọn lo wá ń dù."

Màmá Verlene ti àwo sọ́dọ̀ mi. "Joleen, fi páì sẹ́nu. Kó kún dáadáa."

Láti ọjọ́ náà, Wendell àti Nola ò jókòó sídìí tábìlì kan náà mọ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń jẹun ní ìkángun ìtẹ́ òkú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èmi sì ń jẹ tèmi nínú ọkọ̀ bàbá mi bí ọ̀daràn.

Lọ́dún yìí mo pé mẹ́tàdínlógún. Màmá Verlene ti di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, wọn ò sì lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Ìwé ibojì wa fẹ́ lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, ìlà tiwọn nìkan ló ṣófo. Màmá ránṣẹ́ pe àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wendell dúró lápá kan ibùsùn, Nola dúró lápá kejì, èmi sì gbá ìwé mọ́ àyà.

"Joleen, ta ló wà lápá òsì àyè tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Orrin ní Bethel?"

Mo wá a títí. "Hester Tackett, mà." Ọwọ́ èmi náà ló kọ ọ́. Ọdún mẹ́fà ló fi wà níwájú mi, n ò sì ronú kàn án rí.

"Màmá àgbà mi nìyẹn," ni Wendell wí, ló bá fọwọ́ bo ẹ̀rín.

"Ìyá ọkọ mi," ni Màmá Verlene wí. "Ọdún mọ́kànlá la fi gbé ilé kan náà. Ó ti tó. Kọ Cane Fork."