Tẹ̀sùbáà Inú Ògiri

Láàárọ̀ àná, àwọn tó wá fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì ń ti wáyà wọn gba inú páìpù ògiri pálọ̀ wa ní Bàrígà, ni nǹkan kékeré kan bá bọ́ sílẹ̀, ó yí gbirigbiri dé ẹsẹ̀ mi. Ìlẹ̀kẹ̀ dúdú ni. Ọmọ-ọmọ mi mú ìgbálẹ̀. Mo ní, "Má gbá a dànù. Ìyá mi ló ni ín."

Ayé ológun ni, nígbà tí à ń tò fún mílíìkì àti ṣúgà, ni bàbá mi kọ́ ilé yìí. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Igbóbì ló ti rí bí wọ́n ṣe ń fi wáyà pamọ́ sínú ògiri. Nítorí náà, kí bíríkìlà tó rẹ́ ilé, ó ní kí wọ́n ri páìpù kan mọ́ ògiri pálọ̀, láti òkè àjà wá sísàlẹ̀. Ọ̀nà wáyà tẹlifíṣọ̀n ni. A ò sì ní tẹlifíṣọ̀n. Àga gan-an ò tó wa. Ẹni tó bá tètè kírun ló ń jókòó.

Kí wáyà lè rí ohun tí yóò fà á gòkè lọ́jọ́ tó bá dé, ó ra okùn àwọ̀n lọ́wọ́ àwọn apẹja etí ọ̀sà, ó fi gba inú páìpù náà. Bí okùn yẹn bá bọ́, àfi ká fọ́ ògiri, nítorí náà ọmọ kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìyá mi nìkan ló ń lò ó. Bó bá kírun tán, á so tẹ̀sùbáà rẹ̀, èyí tí ìyá tirẹ̀ mú bọ̀ láti Mẹ́kà, mọ́ ìdí okùn náà.

Bàbá Súlè, ará ilé kejì, kì í kọjá láìbèèrè: "Bàbá Rìsíkà, tẹlifíṣọ̀n inú ògiri ń kọ́? Ṣé ó ti hù?"

Bàbá mi á ní, "Ó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́." Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹ̀rín kúrò nínú ìdáhùn rẹ̀.

Ọlọ́run ò dójú tì í. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó gbé àlòkù tẹlifíṣọ̀n dé láti Ṣómólú. Àdúgbò kún pálọ̀ wa. Bàbá mi gun òkè àjà. Ìyá mi dúró nísàlẹ̀, ó fi ayọ̀ so wáyà mọ́ okùn pinpin. Bàbá mi fà á. Wáyà wọlé, ó rìn díẹ̀, ó há.

Ìyá mi wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ògiri. "Tẹ̀sùbáà mi! N ò tú u kúrò."

Bàbá Súlè ní, "Ẹ ò rí i? Tẹlifíṣọ̀n ti ń kírun."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi bàbá mi. Ohùn rẹ̀ rọ̀ láti òkè: "Ìyá Rìsíkà, bí mo bá fà á, tẹ̀sùbáà á já. Ṣé kí n fọ́ ògiri ni?"

Ìyá mi ní, "Ẹ fà á. Màá máa fi ìka ka tèmi. Kí ògiri náà máa ka tirẹ̀."

Ó fà á. A gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó ń já nínú ògiri. Díẹ̀ bọ́ sílẹ̀, a ṣà á. Ìyókù há sí kọ́nà páìpù. Wáyà sì yọ lókè. Bàbá Súlè fúnra rẹ̀ ló jáde lọ yí ọparun tí a so ẹ́ríà mọ́, tó ń pariwo pé, "Ṣó ti mọ́?" títí àwòrán fi mọ́. Sójà kan ló yọ, ó ní ká rọ́jú, ká fara da ọ̀wọ́n. A pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni tó gbé ìrẹsì wá.

Kò sẹ́ni tó ń yí ọparun mọ́. Àwọn àgbà yẹn ti lọ, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí bàbá mi là sínú ògiri, òun náà ni íńtánẹ́ẹ̀tì gbà wọlé. Mo fọ ìlẹ̀kẹ̀ náà, mo sín in mọ́ tẹ̀sùbáà tèmi. Nírọ̀lẹ́, bí mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ìka mi kàn án. Ó ṣì tutù bí ògiri.