Ẹni Tí Yóò Bẹ Ìyá Ọmọ

Àwa mẹ́ta la wà ní kọ̀mítì wa ní Scarborough, nílùú òyìnbó níbí. Alága wa jẹ́ òyìnbó àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ẹnì kejì jẹ́ obìnrin òyìnbó kan tó máa ń hun súẹ́tà lábẹ́ tábìlì. Ẹnì kẹta ni èmi, nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá tí kò mọ ẹnu pa dé. Bí ọmọdé bá ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, ọlọ́pàá lè fi í ránṣẹ́ sí wa dípò kóòtù. A óò bá òun àti òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, a óò fún un ní iṣẹ́ díẹ̀ tí yóò fi tún ohun tó bà jẹ́ ṣe, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó pé ọ̀rọ̀ ọmọ náà ju agbára wa lọ, a lè dá a padà, kóòtù ló ń lọ nìyẹn. Mo ti kíyè sí i pé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tí à ń dá padà, inú sì ń bí mi sí i. Tí mo bá béèrè ìdí, wọ́n á ní ọmọ náà ò kábàámọ̀. Ta ló wọ inú rẹ̀ lọ wò?

Ní ìrọ̀lẹ́ tí mò ń wí yìí, ọmọbìnrin méjì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, kíláàsì kan náà ni wọ́n wà. Òyìnbó ni ọ̀kan, ọmọ Yorùbá ni èkejì. Ilé ìtajà ńlá kan ní kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tí àwọn arúgbó fi ń rajà. Àwọn méjèèjì jọ gun ọ̀kan nínú rẹ̀, wọ́n gbà á jáde, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ ra ìpápánu ní òdìkejì títì. Bátìrì kú mọ́ wọn nídìí láàárín títì. Yìnyín ń bọ́, bọ́ọ̀sì ò rí ọ̀nà kọjá, ọ̀kan ń ti kẹ̀kẹ́, èkejì jókòó lórí rẹ̀, ó ń tẹ họ́ọ̀nù. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí nígbà tí mo gbọ́, ni mo bá sọ ọ́ di ikọ́.

Ìyá òyìnbó ló kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀. Ó ní ọmọ òun ní làákàyè, pé láti kékeré ló ti fẹ́ràn ẹ̀rọ, pé bóyá ẹnjiníà ni yóò dà. Alága rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà wo gbogbo wa lójú kòró, ó ní, "Sorry, guys." A ní kó lọ bá ilé ìtajà náà kó kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù jọ ní Sátidé. Kí tíì mi tó tutù, wọ́n ti lọ.

Ìyá Yorùbá wọlé pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ ilé ìtọ́jú arúgbó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì. Ó rí mi, ó tẹ orúnkún díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́, ma." Ọmọ tẹ orí mọ́lẹ̀. Alága ní, "Look at me when I'm talking to you, please." Ọmọ gbójú sókè. Ni ìyá bá fi ìgbọ̀nwọ́ tì í: "Ṣé àgbàlagbà lò ń wò lójú báyẹn?" Ọmọ tún sorí kọ́. Alága tún ní kó wo òun. Ọrùn ọmọ yìí ń lọ sókè, ó ń lọ sísàlẹ̀, títí mo fi rò pé oògùn ara ríro ni n ó fún un. Obìnrin tó ń hun súẹ́tà sọ sí mi létí pé ọmọ yìí ò kábàámọ̀.

Ni ìyá bá bẹ̀rẹ̀. "Oga, sir, carry her! Ẹ máa gbé e lọ! I don't want her again. Prison, jail, èyí tó bá ti wù yín!" Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ló wò pẹ́ jù. Kò sẹ́ni tó fọhùn. Ó fi kún un: "She is a criminal! Látinú oyún ni mo ti mọ̀!" Ó tún wò mí. "Let her go and eat their bread, without butter!" Alága funfun ju bó ṣe funfun tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyá yìí ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọmọ òun lọ. Ẹni tí yóò bẹ òun ló ń dúró dè. Nílé wa, tí ìyá bá ti bú ọmọ rẹ̀ báyìí, ará ilé á ti sáré jáde: "Ẹ má bínú, ọmọdé ló ń ṣe é." Ìyá á mí kanlẹ̀, ìbínú á rọlẹ̀, kálukú á wọlé. Níbí, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́, ló bá ń gun òkè lọ, kò sì rí àkàbà tí yóò bá sọ̀ kalẹ̀. Èmi náà jókòó, torí wọ́n ti kọ́ wa pé a ò gbọ́dọ̀ gbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Alága wá rọra sọ fún wa pé ìyá ti kọ ọmọ, ọmọ ò sì kábàámọ̀, ó dára ká dá a padà sí kóòtù.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Ohun tí mo mọ̀ ni pé orúnkún mi méjèèjì ti wà lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ má bínú, ìyá wa. Ẹ tìtorí tèmi dárí jì í."

Lójú ẹsẹ̀ ló mí kanlẹ̀. "Torí yín ni o, Auntie! Ká ní kì í ṣe torí yín ni!" Ó fa tíṣù yọ, ó nu imú ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lanu sílẹ̀. Mi ò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀ tí mo fi kọjú sí wọn. Mo ní kẹ̀kẹ́ kan náà ni, títì kan náà ni. Ìyá kan yin ọmọ rẹ̀, ẹ gbà á gbọ́. Èkejì bú ọmọ tirẹ̀, ẹ tún gbà á gbọ́, ọmọ tirẹ̀ nìkan wá ni kóòtù kàn. Mo ní ẹni tí yóò bẹ òun ni ìyá yìí ń dúró dè, bí ẹ bá gbé ọmọ rẹ̀ lọ lóòótọ́, ẹnu ọ̀nà yín ló máa sùn. Obìnrin náà gbé súẹ́tà rẹ̀ sílẹ̀. Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó béèrè bóyá òun náà ní láti bẹ ìyá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ní kó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ dún, kò sì lè dìde mọ́. Ìyá ọmọ, tó jẹ́ pé arúgbó ló ń gbé látàárọ̀, ki ọwọ́ bọ abíyá rẹ̀ méjèèjì, ó gbé e nílẹ̀: "Easy, sir. Pẹ̀lẹ́, sir." Sátidé kan náà la fún ọmọ yìí, kó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó kẹ̀kẹ́.

Mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá ń dúpẹ́, ó sì ń ka gbogbo ohun tí ojú ọmọ náà máa rí bí wọ́n bá délé. Ọmọ náà, tí mi ò tíì gbọ́ Yorùbá kankan lẹ́nu rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, fà á láṣọ.

"Mummy, tí wọ́n bá ti ní okay, tí wọ́n gbé mi lọ ńkọ́?"

Ìyá dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀, ó fẹ́ fa síìpù jákẹ́ẹ̀tì ọmọ náà dé ọrùn. Síìpù náà ti wà lọ́rùn tẹ́lẹ̀, ó ṣáà ń fà á.