Òkúta Orí Agbọ̀n Àgbébọ̀

Láàárọ̀ yìí, ọmọ mi obìnrin da kẹrosíìnì sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná nítorí èèrà. Òórùn rẹ̀ kàn mí nímú. Mo tún di ọmọdé ní agboolé wa ní Ilare, lẹ́yìn ilé ìdáná Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, níbi tí àgbébọ̀ pupa kan ti sàba lórí ẹyin.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń ra òròmọdìyẹ inú páálí, ẹ ò mọ wàhálà rẹ̀. Ìyá Àgbà á tẹ́ koríko gbígbẹ, á fi èédú sàmì sí ẹyin kọ̀ọ̀kan, á wá da agbọ̀n bo adìyẹ náà, á gbé òkúta lé e. Ejò ti gbé gbogbo ẹyin tó kọ́kọ́ sàba lé mì. Ìyá Àgbà ti ṣèlérí pé òròmọdìyẹ tó bá kọ́kọ́ jáde lọ́tẹ̀ yìí, tèmi ni.

Ìyá Ṣẹ́gun, aládùúgbò wa, máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Ìyá Àgbà, kí ni adìyẹ yìí jí tẹ́ ẹ fi tì í mọ́lé?"

"Ejò ni mò ń tì síta, n ò ti adìyẹ mọ́lé."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, a gbọ́ igbe. Ìjàlọ ti bo agbọ̀n náà dúdú, adìyẹ ń forí gbá a nínú. Ìyá Àgbà fi ẹsẹ̀ lásán ta òkúta dànù. Ìjàlọ gun itan rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ó ké sí mi:

"Gbé kẹrosíìnì wá! Dúró síbẹ̀, na ọwọ́ nìkan!"

Ó dà á sórí ọ̀wọ́ wọn tó ṣì ń wọ́ bọ̀ lórí ilẹ̀, ó ṣáná sí i. Wọ́n ń ta pàrà-pàrà nínú iná. Ó ṣí agbọ̀n, adìyẹ fò jáde, ojú rẹ̀ kan ti fọ́, ọrùn rẹ̀ ti bó. A rò pé yóò sá lọ. Ó gbọn ara, ó padà sórí ẹyin, ó ń fẹnu fọ́ ìjàlọ lórí títí ọrùn rẹ̀ fi wọ́lẹ̀.

"Òkúta mi kọ́ ló dá a dúró," ni Ìyá Àgbà ń sọ ṣáá bó ti ń kó ẹyin lábẹ́ òkú rẹ̀. Síbẹ̀, kò gbé òkúta lé agbọ̀n mọ́ láyé rẹ̀.

Adìyẹ Ìyá Ṣẹ́gun ló bá wa pa ẹyin tó kù. Mo fi aṣọ mi gbé òròmọdìyẹ tèmi kiri, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Sìmẹ́ńtì ti bo ibẹ̀ báyìí, yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Èmi náà ti fi irin sí ojú fèrèsé àti ilẹ̀kùn ilé mi, ìdí ìró mi sì ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé.

"Mọ́mì, tí ilé bá gbiná tẹ́ ẹ ò sí nílé ńkọ́?" ọmọ mi bi mí, ìgò kẹrosíìnì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ pé olè ni mò ń tì síta. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo tú kọ́kọ́rọ́ kúrò ní ìdí ìró mi. Mo wá ìṣó, mo kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ sí i lára. Mo wá ní kó na ọwọ́ rẹ̀, kí n rí i pé ó tó kọ́kọ́rọ́ náà.