Ọmọ Tí Wọ́n Ní Kí N Wẹ̀

Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi gbé síwájú mi lọ́jọ́ tí nǹkan kọ́kọ́ hàn pé kò dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́jọ́ náà, òun ni mo rò pé nǹkan ń ṣe. Mo gbóòórùn májèlé nínú ọbẹ̀ náà. Kì í ṣe pé mo kàn fura. Mo gbóòórùn rẹ̀ gan-an, bí ènìyàn ṣe ń gbóòórùn kẹrosíìnì.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ nígbà náà, mo wá sí Lugbe, ní Àbújá, sọ́dọ̀ Àǹtí Fúnkẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, tó wà nínú oyún. Ẹsẹ̀ ń dun ìyá wa, kò lè rìnrìn àjò láti Ògbómọ̀ṣọ́, ni a bá fẹnu kò pé èmi ni màá máa wẹ ọmọ tó bá dé, bí ìyá ṣe ń ṣe fún ọmọbìnrin rẹ̀ tó bá bímọ. Inú mi dùn sí i débi pé mo ń wo fídíò lórí fóònù nípa bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ tuntun.

Kó tó di ọjọ́ ọbẹ̀ yẹn, oorun ti dá lójú mi. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn tó ń sọ̀rọ̀ mi láìdárúkọ mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí mo rò pé gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ, tí wọ́n kàn ń dákẹ́.

Ìyàwó pásítọ̀ ìjọ wa wà níbẹ̀ nígbà tí mo ti àwo náà ṣubú. Mo ní, “Àǹtí, ẹ ti fẹ́ pa mí tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́.” Ẹ̀gbọ́n mi di ikùn rẹ̀ mú.

Ọkọ rẹ̀, Bọ̀dá Wálé, ló fi mọ́tò gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ. Níbi tí a ti ń dúró de dókítà, mo rí ọkùnrin kan tó wọ súùtì, mo rí ìyá kan tó ń bọ́ ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà ní búrẹ́dì. Mo ti rò pé aṣọ yíya ni gbogbo wọn máa wọ̀. Ohun tí mo rò nípa àwọn alárùn ọpọlọ nìyẹn, èmi tí mo jókòó láàrin wọn. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìbòrùn bojú nígbà tí ẹnìkan tó jọ ará ìjọ wa kọjá. Mi ò bínú sí i. Ohun tó dùn mí ni pé torí mi ló ṣe ń fi ara pamọ́.

Saikósíìsì ni dókítà pe àìsàn náà. Ó túmọ̀ sí pé ọpọlọ ń mú ìròyìn ohun tí kò ṣẹlẹ̀ wá fún ènìyàn, onítọ̀hún á sì gbà á gbọ́ bí ohun tó fojú ara rẹ̀ rí. Oògùn tí wọ́n fún mi mú kí àwọn ohùn náà rọlẹ̀ bíi rédíò tí wọ́n ń yí wálẹ̀. Ó tún mú kí ahọ́n mi wúwo, kí itọ́ máa dà lẹ́nu mi, kí ọwọ́ mi sì máa gbọ̀n.

Bí ara mi ṣe ń yá ni mo ń rántí ohun tí mo ṣe. Àràárọ̀ ni mo ń kúnlẹ̀ bẹ Àǹtí Fúnkẹ́, títí ó fi ní, “Ẹ̀bẹ̀ yìí ti sú mi. Tí o bá ti kúnlẹ̀, màá máa wá ohun tí màá sọ, mi ò sì rí i. Dìde, kí o jẹun.” Mo tún bẹ̀ ẹ́ torí pé mo ti bẹ̀ ẹ́ jù.

Ó bímọ, obìnrin. Ìyá Bọ̀dá Wálé dé láti Ìbàdàn, àwọn ni wọ́n sì ń wẹ ọmọ. Mo wà ní ilé ìdáná tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi.

“Fúnkẹ́, mi ò kórìíra àbúrò rẹ. Ṣùgbọ́n orí tó ti dàrú lẹ́ẹ̀kan, ta ló mọ ìgbà tó tún máa dàrú?”

“Màmá, ẹ má bínú. Ó ń lo oògùn rẹ̀.”

“Ṣé oògùn ló máa bá a di ọmọ mú ni?”

Mo wo ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n, mo sì rò pé òótọ́ ni Màmá ń sọ. Èyí ló dùn mí jù.

Ó ṣe mí bíi kí n dá oògùn náà dúró kí ọwọ́ mi lè tòrò. Ìwọ tó ń ka èyí, tó bá ń ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀, má dá a dúró fúnra rẹ. Mo lọ sọ fún dókítà. Ó ní oògùn ló ń fà á, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, mo lè gbé ife tíì láìdà á sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Màmá lọ sí ìjọ, Àǹtí Fúnkẹ́ gbé ọmọ wá bá mi.

“Omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wá wẹ̀ ẹ́.”

“Àǹtí, ṣé ẹ ti rò ó dáadáa?”

“Mo ti rò ó. Tètè jókòó kí n tó tún un rò.”

Mo jókòó sórí àpótí, mo na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ sórí wọn. Òun náà gbé àga sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ó ń wò mí. Mi ò bínú pé ó ń wò mí. Èmi náà ń ṣọ́ ara mi. Mo fi kànìnkànìn ra àyà ọmọ, mo ra abẹ́ apá rẹ̀. Ó ké, ó sì dákẹ́. Mo ní, “Àǹtí, ẹ bá mi mú táwẹ̀lì.”

Kò dáhùn. Mo gbójú sókè. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi orí ti ògiri, ó ti sùn lọ, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀.

Bí Màmá ṣe wọlé dé nìyẹn. Wọ́n wo ìyàwó ọmọ wọn, wọ́n wo ọmọ, wọ́n wá wò mí. Mo ti ń wá ẹ̀bẹ̀ tí màá bẹ̀.

“Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì yìí. Ṣé báyìí ni wọ́n ń di ọmọ mú? Fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ẹ̀yìn orí rẹ̀, omi á wọ̀ ọ́ létí.”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà.”

“Má bẹ̀ mí. Gbé orí ọmọ.”

Mo gbé e. Ìbáwí tí wọ́n máa ń fún ọmọbìnrin tí kò tíì wẹ ọmọ rí ni, kò sì sí àìsàn nínú rẹ̀ rárá.

Mo ṣì ń lo oògùn mi. Ojú ṣì ń tì mí tí mo bá rántí ọjọ́ ọbẹ̀ yẹn, mo sì ń kọ́ láti má bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí àìsàn fi ẹnu mi sọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́ mi tó tòrò, àti ọpọlọ mi tó tún lè kọ́ nǹkan tuntun. Ṣùgbọ́n oorun tí ẹ̀gbọ́n mi sùn nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi, òun ni mo ń dúpẹ́ fún jù.