Ìwọ̀n Ẹsẹ̀ Oníbàtà

Èmi tí mo ń ta bàtà l'Òkè-Ìlewó, tí mo máa ń fi ojú lásán mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ oníbàárà, èmi náà ni mo ki ẹsẹ̀ ara mi bọ omi gbígbóná. Ìtọ̀ ṣúgà ti pa ẹsẹ̀ ọ̀hún kú tipẹ́. Kò mọ gbígbóná, kò mọ tútù. Mo jókòó, mo ń gbọ́ ìròyìn nínú rédíò, mo ń gbádùn ara mi, àfìgbà tí mo yọ ẹsẹ̀ jáde tí awọ rẹ̀ kù sínú bésìn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi pa á mọ́. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ bò ó, mo fi lọ́fíńdà sí i. Nígbà tí òórùn rẹ̀ borí lọ́fíńdà, wọ́n gbé mi dé ọsibítù. Dókítà ní àwọn ọmọ ìka ti kú, àtẹ́lẹsẹ̀ ti ń kú lọ, àfi kí wọ́n gé e lọ́rùn ẹsẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó. Irọ́ ni, n kò ro nǹkan kan. Mo ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ, mo ní fáànù ló fa òtútù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò síná. Baba tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì náà ti ní kí wọ́n jẹ́ kóun rò ó rí. Wọ́n ti gé tiẹ̀ dé itan.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin, tó ń ṣe ìṣirò ní yunifásítì, ló máa ń wá láti Adigbe wá jókòó tì mí lọ́sàn-án. Iṣẹ́ tó fẹ́ fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ló ń kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kí n má baà wo ẹsẹ̀, mo bi í pé kí ló ń yà sínú ìwé. Ó ní àwọn ìrísí tó jẹ́ ẹyọ kan ni, tí kò já níbì kankan. Gbogbo wọn lòun kó jọ bí ẹbí, òun ń wádìí èwo ló súnmọ́ èwo. Wọ́n á gbé ibi kọ̀ọ̀kan lára ọ̀kan lọ sórí èkejì, láì fa nǹkan kan ya. Bí ibi méjì bá bọ́ sójú kan náà, wọ́n á wo bí wọ́n ti jìnnà síra tó tẹ́lẹ̀. Èyí tó jìnnà jù ni ìwọ̀n. Bó bá kéré, ìrísí méjèèjì súnmọ́ra.

Mo fi ṣe ẹ̀fẹ̀, mo ní ṣé èmi ẹlẹ́sẹ̀ méjì àti èmi ẹlẹ́sẹ̀ kan súnmọ́ra. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó ní ọwọ́ irú gbígbé tí a bá gbà láyè ló wà. Òun kò ní purọ́ fún mi: nínú èyí tí kò gbà kí ohunkóhun dín kù, ẹni tó máa kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn kì í ṣe èmi.

Mo ní, "Wá òmíràn fún mi, jọ̀ọ́."

Ó ní ọ̀kan wà tó gbà kí a fún apá kan pọ̀ títí yóò fi di ojú kan ṣoṣo bí àmì bírò. Ó ya ènìyàn sínú ìwé, ó fi ìka bo ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìyókù ṣì wà ní ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà ó wo baba tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, bí wọ́n bá ṣe é lónìí, ìwọ̀n bàtà kan péré lẹ fi jìnnà sí ara yín. Bẹ́ ẹ bá dúró, á di orúnkún, á di itan. Ẹ̀yin lẹ kúkú mọ ìwọ̀n bàtà jù mí lọ."