Kọ̀ǹpútà Tó Ń Retí Èsì

Láyé SAP, ètò ìjọba tó mú kí gbogbo nǹkan gbówó lórí, ilé iṣẹ́ aṣọ tí mo ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní Ọ̀tà dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti gbọ̀ngàn ìhunṣọ pa. Ọkùnrin ará Ọ̀ṣun tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, tó máa ń pè mí ní àbúrò, padà sílé. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ pé ó ti kú.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo kọ̀ǹpútà wa bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Bí sítọ́ọ̀ bá fi iye ẹrù ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, èèyàn á lọ mu omi kó tó dé. Ọ̀gá mi obìnrin ní àwọn kọ̀ǹpútà ti gbó, àmọ́ dọ́là ti wọ́n jù láti ra tuntun.

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá ibi tó ti há, mà,” mo wí.

Mo mú fáìlì kan, mò ń fi ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn, mò ń wo aago ọwọ́ mi. Ibi gbogbo ló falẹ̀. Nígbà tí mo yọ wáyà tó lọ sí gbọ̀ngàn ìhunṣọ, fáìlì kan náà sáré dé. Mo dá wáyà padà, ó tún falẹ̀. Nǹkan kan ń gba ojú ọ̀nà mọ́ wa lọ́wọ́ láti ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí èèyàn níbẹ̀ mọ́.

Bàbá gáàdì ṣílẹ̀kùn fún mi lọ́sàn-án.

“Àǹtí, ẹ má pẹ́ o. Èmi kì í wọbẹ̀.”

“Kí ló dé, bàbá?”

“Iná kan máa ń tàn nínú yàrá ọ̀gá yẹn.”

Òwú ṣì wà lára àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ. Nínú yàrá ọkùnrin náà, kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà ní títàn lábẹ́ eruku. Ó ti ṣètò rẹ̀ kó máa ròyìn iye aṣọ tí wọ́n hun fún ọ́fíìsì, kó sì máa rán an títí wọ́n á fi dáhùn. Kọ̀ǹpútà tó yẹ kó dáhùn, wọ́n ti gbé e kúrò. Bí iná bá lọ tó sì dé, èyí á tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Yorùbá aláìlámì ló fi kọ ọ́: ASO ONI: OFO. E DA MI LOHUN. Ìlà kan ń lé èkejì gòkè láìdúró.

Ó yẹ kí n kàn yọ wáyà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ̀. Mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé: A TI GBA. Àwọn ìlà náà dúró.

Ní ọ́fíìsì, inú ọ̀gá mi ti dùn. “Ó ti ń yá! Kí lo rí?”

“Kọ̀ǹpútà kan ni wọ́n gbàgbé, mà.”

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti dá ẹnì kan dúró, mo máa ń yọ́ lọ sí yàrá rẹ̀, kí n lọ wo ohun tó fi sílẹ̀.