Ẹ̀rín Tó Tẹ̀lé Ilẹ̀kùn

Ó fi aṣọ rírọ̀ wé àtàǹpàkò, ó ń fi nu ojú kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. Àwòdì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ fíìmù, nítorí ohun tí ojú rẹ̀ bá ti gbá mú kì í bọ́. Ó mọ̀ pé bí a bá ti ìsàlẹ̀ ya ọ̀lẹ, ọ̀lẹ á di ọba. Bí a bá ti òkè ya akọni, akọni á di ọmọ tó jí ẹran nínú ọbẹ̀.

Àbúrò ìyá rẹ̀, tó tọ́ ọ dàgbà, ló jókòó tì í nínú yàrá tí wọ́n ti fẹ́ wo fíìmù tuntun tí Àwòdì bá wọn yà. Ìyá Kékeré ló ń pè é. Òun ni alábòójútó ilé iṣẹ́ aránṣọ kan tó jóná. Ọmọbìnrin kan kú síbẹ̀, nítorí pé ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa. Ìyá Kékeré ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó ṣí i, ó kọ̀. Ohun tó sọ níwájú kámẹ́rà nìyẹn, tomijé tomijé.

Ṣùgbọ́n Àwòdì ní àṣà kan. Kí èèyàn tó sọ̀rọ̀, á ti tan kámẹ́rà, á bá a dápàárá, kí ojú rẹ̀ lè dẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó ní kí Ìyá Kékeré yé fajú ro bí ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sẹ́wọ̀n. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Àwòdì wá rọra fi kámẹ́rà fa ojú rẹ̀ sún mọ́ tòsí, láti wò ó bóyá ó mọ́ kedere. Ẹ̀rín ìdánwò lásán.

Nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn tó ti di èédú ló kọ́kọ́ yọ lára ògiri. Lẹ́yìn rẹ̀, bàtà ọmọ tó kú. Lẹ́yìn bàtà, Ìyá Kékeré ń rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ń sún mọ́ wọn, ó ń tóbi, títí eyín rẹ̀ fi gba gbogbo ògiri. Ẹ̀bẹ̀ tó bẹ ẹni tó ni ilé iṣẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ara Àwòdì gbóná. Ó yíjú sí ọ̀gá tó darí fíìmù náà, ó bi í pé ta ló gbé ẹ̀rín síbẹ̀. Ọ̀gá ní ẹnikẹ́ni kò parọ́: ilẹ̀kùn ni ilẹ̀kùn, ẹ̀rín ni ẹ̀rín. Ó ní òǹwòran tí kò bá rí ẹni tí yóò bínú sí, oorun ni yóò gbé e lọ.

“Àwọn òbí ọmọ yẹn ń bọ̀ wá wò ó lọ́la,” ni Àwòdì wí. “Ẹ gé ẹ̀rín yẹn kúrò.”

“Ṣé kì í ṣe ìwọ lo yà á ni? Ọwọ́ ẹ mà dáa o.”

“Ọwọ́ mi yẹn lẹ fi parọ́. Ẹ gé e.”

Ọ̀gá ní ẹyin tó bá ti balẹ̀ kì í ṣeé kó. Àwòdì fẹ́ gbá a lọ́rùn aṣọ mú, àmọ́ Ìyá Kékeré ti dìde.

“Mi ò bá ọ̀gá ẹ wí,” ló sọ. “Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ìwọ lo pa mí lẹ́rìn-ín.”

Àwòdì na ọwọ́ sí i. Ìyá Kékeré fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn.

Àwòdì bọ́ okùn kámẹ́rà lọ́rùn, ó gbé e sórí àga. Ọ̀gá ń pariwo pé bó bá jáde, kó má padà wá mọ́. Lẹ́nu ọ̀nà, Àwòdì bi Ìyá Kékeré pé ibo ni ilé àwọn òbí ọmọ náà wà. Obìnrin náà wò ó títí, ó wá fi àgbọ̀n júwe òpópónà tó lọ sísàlẹ̀.

Àwòdì gba ibẹ̀ lọ, kí àwọn òbí náà lè gbọ́ ohun tó fa ẹ̀rín náà kí wọ́n tó rí i.